Àwọ̀ títàn lórí ẹ̀wù dúdú: ẹ wo abẹ́ íǹkì kí ẹ tó wo íǹkì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọwọ́ ni mo fi ń tẹ àwòrán sórí tíṣáàtì: tábìlì kan, síkírìnì (àwọ̀n tí a fà sára férémù), squeegee (rọ́bà tí a fi ń fa íǹkì lójú àwọ̀n) àti íǹkì plastisol, èyí tí ooru ń mú le. Lórí ẹ̀wù funfun, iṣẹ́ mi ń jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan ní kí n tẹ yẹ́lò àti pupa sórí ẹ̀wù dúdú àti ẹ̀wù búlùú tó ṣókùnkùn. Yẹ́lò di àwọ̀ ewé tó ti rọ, pupa di àwọ̀ bíríkì. Mo fi agbára tẹ̀ ẹ́, mo fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò mọ́lẹ̀ sí i. Àwọn tí mo tẹ̀ tó nípọn jù tún ń sán lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ wọ́n. Ṣé íǹkì mi ni kò dára, kí n lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Yẹ́lò tó wà nínú ike yín kò ní àbùkù. Ẹ wá bébà tí ìdajì rẹ̀ funfun, tí ìdajì rẹ̀ dúdú, kí ẹ fa díẹ̀ nínú íǹkì náà gba orí méjèèjì kọjá. Ẹ ó rí i pé íǹkì kan náà, nínú fífà kan náà, yóò tàn ní apá kan, yóò sì kú ní apá kejì. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Nítorí náà, ìdáhùn mi ní kúkúrú ni pé kí ẹ kọ́kọ́ tẹ funfun sílẹ̀, kí ẹ fi ooru kàn án fìrí kó dì, kí ẹ tó tẹ yẹ́lò àti pupa lé orí funfun yẹn. Kí ẹ sì dẹ ọwọ́. Agbára tí ẹ rò pé yóò tún iṣẹ́ náà ṣe wà lára ohun tó ń bà á jẹ́.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀, torí lọ́la àwọ̀ mìíràn lè dé tí ẹ kò ní ráyè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí àwòrán yín kì í dúró lójú íǹkì. Ó ń wọnú rẹ̀, ó ń là á kọjá, ó ń dé ara aṣọ, ibẹ̀ ni yóò ti ta padà wá sójú wa. Aṣọ funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà. Aṣọ dúdú ń gbé e mì. Yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn, ọ̀pọ̀ nínú pupa títàn, àti àwọn àwọ̀ neon, bíi gíláàsì aláwọ̀ ni wọ́n rí: bí ẹ bá gbé gíláàsì yẹ́lò sórí ògiri dúdú, dúdú náà ni ẹ ó rí. Lórí ẹ̀wù búlùú, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó rí ọ̀nà padà ti ní búlùú nínú, yẹ́lò sì tún sẹ́ lára rẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù fún ojú ni àwọ̀ ewé tí ẹ rí yẹn. Pupa kò yàtọ̀. Dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló fà á lọ sí ọ̀nà bíríkì.

Funfun ló dá yàtọ̀ láàárín wọn. Èròjà tó sọ ọ́ di funfun ni titanium dioxide, ìyẹ̀fun tí ìmọ́lẹ̀ kì í rọrùn fún láti là kọjá. Ṣe ni ó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, tó sì ń dá a padà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀wù dúdú kó tẹ́ dáadáa, aṣọ funfun kékeré kan ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sórí aṣọ dúdú yẹn, tó ní ìrísí àwòrán yín gẹ́lẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, ohun tí ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe lórí ẹ̀wù funfun náà ni ẹ ń ṣe.

Àwọn kan máa ń fẹ́ gba ọ̀nà àbùjá. Wọ́n á po funfun mọ́ yẹ́lò kó lè bo dúdú. Á bò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n yẹ́lò á ṣì di àwọ̀ bọ́tà, bí wọ́n bá sì pò ó mọ́ pupa, píǹkì ni wọ́n tẹ̀. Ní ti íǹkì tó wọ́n tí ẹ ń béèrè, ó wà. Wọ́n ń ṣe é fún ẹ̀wù dúdú, èròjà àwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tó wà lọ́wọ́ yín lọ. Fún àwòrán aláwọ̀ kan ṣoṣo, tí kò pọn dandan kó tàn yanran, ẹ lè tẹ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ooru kàn án láàárín ìtẹ̀ méjèèjì, iṣẹ́ náà á ṣe é gbé fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ́lò lásán tó jókòó sórí funfun, ẹ ó rí èyí tó borí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín. Ní ti neon, kò sí ọ̀nà mìíràn rárá. Láìsí funfun lábẹ́ rẹ̀, ẹ má gba iṣẹ́ yẹn lórí ẹ̀wù dúdú.

Ó kan ọ̀rọ̀ agbára. Tíṣáàtì kì í ṣe bébà. Híhun rẹ̀ ní ihò, òwú rẹ̀ sì ní irun wínníwínní tó nà sókè. Bí ẹ bá fi gbogbo èjìká ti squeegee, íǹkì á gba àárín òwú wọ ìsàlẹ̀ lọ, irun òwú dúdú á sì yọrí láàárín rẹ̀, á máa pa àwọ̀ náà lójú. Ẹ yí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù tí ẹ tẹ̀ yẹn padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn ibi tí àwòrán wà. Bí íǹkì bá ti yọ síbẹ̀, apá kan nínú owó yín wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ohun tí à ń wá ni kí íǹkì di òwú mú díẹ̀ nísàlẹ̀, kí ìyókù rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, kó tẹ irun yẹn mọ́lẹ̀. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń ṣe iṣẹ́ títẹ irun mọ́lẹ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí ìtẹ̀ kejì, lẹ́yìn ooru, fi máa ń dán ju ti àkọ́kọ́ lọ, kódà bó bá jẹ́ íǹkì kan náà.

Kí ló ń mú èèyàn fagbára? Lọ́pọ̀ ìgbà, síkírìnì ló dẹ̀. Àwọ̀n tí kò le dáadáa kì í fò kúrò lára aṣọ, nítorí náà ọwọ́ á fẹ́ fi agbára dí àlàfo yẹn. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n fífàle àwọ̀n, nǹkan bíi newton 20 sí 25 lórí sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ máa wá. Bí ẹ kò bá ní, ẹ fi ìka tẹ àárín rẹ̀: kò gbọdọ̀ rọlẹ̀ sábẹ́ ìka. Férémù onígi tí wọ́n fi pín-ìn-nì kan àwọ̀n mọ́ máa ń dẹ̀ bó bá ti ń kan omi léraléra. Èmi a máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ máa tẹ ẹ̀wù dúdú déédéé pé ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ náwó sí, kó ra férémù alumíníọ́ọ̀mù méjì tí àwọ̀n rẹ̀ le, kó tó ronú kan íǹkì olówó ńlá.

Àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọ̀n àti aṣọ kí ẹ tó fa squeegee, bíi mìlímítà 2 sí 3. Ẹ lè fi páálí tín-ín-rín sábẹ́ férémù lápá ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ sì gbé híńjì náà sókè díẹ̀ lápá kejì. Bí squeegee ṣe ń kọjá, ibi tó ti kúrò yóò máa dìde lára aṣọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, íǹkì á sì dúró sílẹ̀. Bí kò bá sí àyè yìí, àwọ̀n á lẹ̀ mọ́ íǹkì, tí ẹ bá gbé e sókè á fa díẹ̀ padà, ojú funfun yín á rí págunpàgun. Aṣọ náà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ pátákó dáadáa pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, torí bí aṣọ bá bá àwọ̀n dìde, àyè tí ẹ fi sílẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan.

Nípa àwọ̀n fúnra rẹ̀, iye okùn tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ bí íǹkì tó máa kọjá ṣe pọ̀ tó. Èyí tó ní okùn 43 nínú sẹ̀ǹtímítà kan, tí wọ́n ń pè ní 110 bí wọ́n bá fi íǹṣì kà á, ń jẹ́ kí íǹkì púpọ̀ kọjá. Ó dára fún lẹ́tà ńláńlá. Fún funfun ìpìlẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni nǹkan bíi 61, ìyẹn 156 nínú íǹṣì, torí ojú funfun rẹ̀ máa ń tẹ́ ju ti 43 lọ, ó sì ṣì ń bo dúdú. Àwọ̀ òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì ṣe: wọ́n á fi àwọ̀n tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tẹ yẹ́lò náà, nígbà tí yẹ́lò kò ní nǹkan tí yóò bò mọ́. Funfun ti bo dúdú tán. Ẹ lo àwọ̀n tí okùn rẹ̀ tó 80 sí 90, ìyẹn 200 sí 230 nínú íǹṣì, kí yẹ́lò fẹ́lẹ́ lórí funfun. Á tàn jù bẹ́ẹ̀, aṣọ kò sì ní le bíi páálí láyà ẹni tó wọ̀ ọ́.

Emulsion, ìyẹn oògùn tí ẹ kùn sójú àwọ̀n láti dí ibi tí kò sí àwòrán, náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ibi tí ẹ fọ̀ kúrò lára rẹ̀ ni kòtò tí íǹkì ń kún kó tó bọ́ sórí aṣọ. Tí emulsion bá fẹ́lẹ́ jù, etí àwòrán á máa ṣe ṣágiṣàgi, funfun kò sì ní nípọn tó. Ẹ kùn ún ní ojú méjèèjì, kí kíkùn tó kẹ́yìn jẹ́ ti apá squeegee, èyí á ti emulsion lọ sí apá tó ń kan aṣọ. Kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ ní ìdùbúlẹ̀, kí ojú tó ń kan aṣọ wà nísàlẹ̀.

Rọ́bà squeegee yín ńkọ́? Etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú. Rọ́bà tí etí rẹ̀ ti kú ń ti íǹkì wọnú aṣọ dípò kó gé e sójú àwọ̀n. Líle 70 lórí òṣùwọ̀n líle rọ́bà ló bá iṣẹ́ yìí mu fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ ro íǹkì funfun kí ẹ tó dà á sórí síkírìnì. Ó máa ń le bó bá ti wà nílẹ̀, pàápàá nínú òtútù, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń rò ó ni yóò máa rọ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń ráhùn pé funfun wọn kò gba inú àwọ̀n kọjá, wọn kò rò ó ni. Wọ́n á yára da èròjà tó ń mú un ṣàn sí i, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ bá dà sí i ń dín agbára rẹ̀ láti bo dúdú kù.

Ó ti kan títẹ̀. Ẹ gbé síkírìnì sókè díẹ̀, kí ẹ fi squeegee tẹ́ íǹkì kún inú àwọ̀n láìfi agbára sí i, kí ihò àwòrán kún. Ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ fa squeegee lẹ́ẹ̀kan, kó dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣánṣán, pẹ̀lú agbára tó kàn tó láti mú kí àwọ̀n kan aṣọ. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kejì kó fi gbá inú àwọ̀n mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ gbé síkírìnì, kí ẹ wo inú ihò rẹ̀. Bí íǹkì bá ṣì kún ibẹ̀, ẹ yára fà á jù ni: íǹkì funfun fẹ́ kí ọwọ́ falẹ̀ díẹ̀. Bí ihò bá mọ́, tí ojú funfun lórí aṣọ sì tẹ́, tí ẹ kàn ń rí dúdú díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ẹ má bẹ̀rù. Fún ìpìlẹ̀, èyí tó fi díẹ̀ dín ní funfun báláú ti tó, torí àwọ̀ mìíràn ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ibi tí àwòrán ti fẹ́ kí funfun hàn fúnra rẹ̀ nìkan ni ẹ ti nílò ìtẹ̀ kejì.

Ooru tó tẹ̀ lé e, tí àwa alátẹ̀ ń pè ní flash, kì í ṣe láti mú íǹkì jinná. Plastisol kì í gbẹ nínú afẹ́fẹ́. Ẹ lè fi í sílẹ̀ lórí síkírìnì di ọ̀la, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ náà ni ẹ ó ṣe bá a. Ooru nìkan ló ń yí i padà. Láàárín dígírì 105 sí 120 Celsius, ojú rẹ̀ á dì, kò ní yí mọ́ ìka. Ní nǹkan bí 160 ni plastisol lásán ń jinná tán, àwọn tí wọ́n ṣe fún ooru kékeré sì ń jinná ní nǹkan bí 130. Ara ike ni ẹ ó ti rí iye gan-an. Ohun tí ẹ ń wá níbi flash ni dídì yẹn, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ẹ fi ìka kan funfun náà: tí kò bá yí mọ́ ìka, tó sì ṣì rọ̀ díẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó jinná kí yẹ́lò tó dé, yẹ́lò kò ní rí ibi dì mú, lẹ́yìn fífọ̀ bí ẹ̀ẹ̀melòó kan á máa ṣí kúrò lójú funfun. Mo máa ń rí iṣẹ́ báyìí, àwọn tó ṣe é sì máa ń dá yẹ́lò lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé funfun ló ti jinná kó tó dé.

Iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà dá lórí irinṣẹ́ yín, ẹ má gbára lé iye tí ẹlòmíràn sọ. Aṣọ dúdú ń gba ooru iná mọ́ra kíákíá ju aṣọ funfun lọ. Pátákó náà á tún máa gbóná sí i bí ẹ ṣe ń tẹ̀ lọ, kí ẹ máa dín àkókò kù bí iṣẹ́ ṣe ń jìnnà. Heat gun, ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, lè ṣe é bí kò bá sí ohun mìíràn, ṣùgbọ́n ibi kan á gbóná, ibi kejì á tutù, ẹ gbọ́dọ̀ máa gbé e káàkiri. Kí ẹ tó gbé síkírìnì yẹ́lò lé e, ẹ jẹ́ kí ooru funfun náà lọ sílẹ̀ díẹ̀, torí funfun gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àwọ̀n.

Yẹ́lò ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, kí pupa tẹ̀ lé e. Bí yẹ́lò díẹ̀ bá kan pupa, kò ní hàn. Bí pupa bá kan yẹ́lò, ẹ ti bà á jẹ́. Fífà kan ṣoṣo ti tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì pọn dandan kí ẹ fi ooru kàn án láàárín àwọn méjèèjì.

Ohun tó máa yọ yín lẹ́nu jù nínú gbogbo èyí, bí mo ṣe rò ó, kì í ṣe íǹkì. Bí àwọ̀ òkè yóò ṣe ṣe rẹ́gí pẹ̀lú funfun ni. Ẹ̀wù kò gbọdọ̀ kúrò lórí pátákó láti ìgbà tí funfun ti bọ́ sórí rẹ̀ títí àwọ̀ tó kẹ́yìn fi lọ sórí rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ kò ní lè dá a padà síbi tó wà. Bí tábìlì yín kò bá ní ju híńjì kan lọ, ẹ so híńjì méjì mìíràn mọ́ ọn, kí síkírìnì kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ abẹ́ ibi kọ̀ọ̀kan ní igun, kí pátákó tí ẹ̀wù wà lórí rẹ̀ lè máa wọlé síbi kan náà ní gbogbo ìgbà. Pátákó náà ni ẹ ó máa gbé láti ibì kan dé ìkejì, ẹ̀wù kò ní kúrò lórí rẹ̀. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ẹ dín etí funfun kù díẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà 0.25, kó lè kéré sí àwọ̀ òkè yíká. Bí ẹ bá fi wọ́n dọ́gba, ìyípadà tó kéré jù lọ á jẹ́ kí funfun yọ létí yẹ́lò, ojú á sì lọ síbẹ̀ tààrà. Ẹ má dín in jù, torí etí yẹ́lò tó bá bọ́ sórí dúdú á ṣókùnkùn. Ibi tí dúdú bá wà nínú àwòrán, ẹ má tẹ dúdú rárá: ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀wù fúnra rẹ̀ ṣe dúdú náà. Àwòrán tí wọ́n yà fún bébà funfun kì í sábà bá ẹ̀wù dúdú mu láìtún un yà, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà.

Ẹ wá sọ pé iṣẹ́ náà ń sán. Àwọ̀ kíkú àti sísán jọ wá láti ibì kan náà. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, íǹkì pọ̀, ooru mú ojú rẹ̀ jinná, kò dé ìsàlẹ̀. Òwú máa ń mu ọ̀rinrin sára, ọ̀rinrin yẹn sì gbọ́dọ̀ di oru tán kí ìsàlẹ̀ íǹkì tó lè gbóná dé ibi tó yẹ. Òṣùwọ̀n ooru oníná pupa tí a ń tọ́ka sí aṣọ, ojú íǹkì nìkan ló ń kà. Bí ó bá ka 160, ìsàlẹ̀ lè ṣì wà ní 130. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ooru pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ojú bá ti dé iye náà, dípò kí ẹ gbé ooru ga títí aṣọ yóò fi jó. Lẹ́yìn tó bá tutù, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì na àwòrán náà. Íǹkì tó jinná á bá aṣọ nà, á sì padà. Èyí tí kò jinná á sán lójú yín. Kí ẹ tó kó iṣẹ́ fún oníbàárà, ẹ fọ ọ̀kan nínú rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa fọ̀ ọ́ nílé, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ kò sọ irú aṣọ tí ẹ tẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, kọ́tìnì ni mo ń bá wí. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì ọrùn ẹ̀wù. Bí pọ́líẹ́sítà bá wà níbẹ̀, bóyá gbogbo rẹ̀ tàbí ìdajì, wàhálà mìíràn ń bọ̀: aró tí wọ́n fi ń rẹ pọ́líẹ́sítà máa ń di oru nínú ooru, oru yẹn á sì gòkè wọnú íǹkì. Funfun yín á kúrò lábẹ́ iná ní funfun nini, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan lórí ẹ̀wù pupa, á ti di píǹkì. Ó burú jù nítorí pé ó lè dúró dìgbà tí oníbàárà bá ti san owó, tó ti gbé ẹrù lọ. Fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹ lo funfun tí wọ́n ṣe láti dènà aró, tó sì ń jinná nínú ooru kékeré. Fún ẹ̀wù pupa tí aró rẹ̀ le gan-an àti aṣọ eré ìdárayá, wọ́n tún ní íǹkì eérú tàbí dúdú tí à ń tẹ̀ sábẹ́ funfun, èyí tí carbon inú rẹ̀ ń dá aró náà dúró.

Ọ̀nà kan wà tí kò nílò funfun rárá, ẹ sì lè ti gbọ́ nípa rẹ̀: discharge. Íǹkì olómi ni, a ń po ìyẹ̀fun zinc formaldehyde sulfoxylate mọ́ ọn, nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Nínú ooru, ó ń bọ́ aró kúrò lára kọ́tìnì, ó ń fi àwọ̀ tuntun rọ́pò rẹ̀ nínú òwú kan náà. Ó rẹwà. Ọwọ́ kì í mọ̀ pé wọ́n tẹ nǹkan kan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba kí aṣọ jẹ́ kọ́tìnì, àwọn aró kan kì í gbà fún un, pàápàá àwọn búlùú kan àti elésè àlùkò, ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ dán irú ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó gba iṣẹ́. Èyí tí ẹ bá pò lónìí kì í ṣe é lò lọ́la. Òórùn rẹ̀ le, formaldehyde sì wà nínú ohun tó ń tú jáde, nítorí náà kò bójú mu nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì yẹ kí wọ́n fọ ẹ̀wù náà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ẹ kà fún mi, mi ò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Íǹkì olómi lásán, tí kì í ṣe discharge, ẹ má tilẹ̀ gbé e sórí dúdú: ṣe ni ó ń wọnú òwú, dúdú á sì borí rẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí ẹ bá ń díye lé iṣẹ́, ẹ ka funfun mọ́ iye àwọ̀. Àwòrán aláwọ̀ méjì lórí ẹ̀wù dúdú, iṣẹ́ aláwọ̀ mẹ́ta ni: síkírìnì mẹ́ta, emulsion mẹ́ta, ooru àárín, àti àkókò tí ẹ ó fi máa dúró. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí oníbàárà tó rí yẹ́lò àti pupa nìkan kò ní mọ̀ pé nǹkan kẹta wà lábẹ́ wọn.

Àwọn ẹ̀wù tó ti bàjẹ́ ńkọ́? Bí íǹkì wọn bá ti jinná, títẹ funfun lé e lórí kò ní dì mú dáadáa, ẹ má kó wọn padà fún oníbàárà lọ́nà yẹn. Ẹ tọ́jú wọn. Ẹ̀yìn wọn ṣì ṣófo, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dán iye ìṣẹ́jú àáyá flash yín wò. Ẹ tẹ funfun mẹ́rin sí ẹgbẹ́ ara wọn, kí ẹ fi àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ yẹ́lò lé gbogbo rẹ̀, kí ẹ mú un jinná, kí ẹ sì fọ̀ ọ́. Èyí tí yẹ́lò rẹ̀ kò bá ṣí, tí kò sì dọ̀tí mọ́ ẹ̀yìn àwọ̀n nígbà tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́, àkókò rẹ̀ ni kí ẹ kọ sára ògiri.